Orí tó ń gbóná, ìwé tí kò wọlé: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan l'Abẹ́òkúta

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà ló kọ̀wé sí mi. Ó ní kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò wa bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ṣí ìwé báyìí, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú ẹ̀, ọrùn mi á wá le gan-an. Mo lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n má mọ ohun tí mo kà. Obì àti ohun mímu inú agolo ni mo fi ń kàwé di ìdájí. Mo féèlì Statistics lọ́dún tó kọjá, mo ń tún un ṣe báyìí, bàbá mi ò sì mọ̀. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé fáàsì kíláàsì ni mo máa gbé wálé. Màmá mi ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, owó àjọ ni wọ́n fi san owó ilé ìwé mi. Àǹtí mi ní ayé ló ń ṣe mí, wọ́n fẹ́ mú mi lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà míì, mo máa ń rò ó pé ì bá dáa kí n sùn kí n má jí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọpọlọ mi ti ń bàjẹ́ ni?"

Ọmọ mi, ọpọlọ rẹ kò bàjẹ́. Màá ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọ́, màá sì sọ ohun tí wàá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí o kàn sọ kọjá bí ẹni pé kò tó nǹkan. O ní o máa ń rò ó pé kí o sùn kí o má jí mọ́. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ìdánwò kankan láyé tó tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mi ò ní bá ọ wí nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí nǹkan ti sú ni irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń wá sí lọ́kàn, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n rò pé èèwọ̀ ni. Sọ ọ́ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, fún ẹnì kan tó wà nítòsí rẹ: ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ̀gbọ́n rẹ, tàbí màmá rẹ. Bí o ṣe kọ ọ́ sí mi gan-an ni kí o ṣe sọ ọ́. Má ṣe dá sùn ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Bí oògùn kòkòrò tàbí oògùn oorun bá wà nínú yàrá yín, kí ẹlòmíràn kó o kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá èrò lásán, tí o bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ọ̀nà tí wàá gbà ṣe é, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ mú ọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Abẹ́òkúta lo wà. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní Àrò wà nílùú yìí, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Lántorò.

Mo mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dún létí ọmọ Ẹ̀gbá. Níbí, bí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn, wọ́n á ní kó máa lọ sí Àrò. Èébú yẹn ti pa ọ̀pọ̀ lára, torí òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lọ nígbà tó yẹ kí wọ́n lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ní 1954. Ó ṣètò rẹ̀ débi pé àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bíi gbogbo èèyàn. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá ń wá wò ó kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Àwọn kan nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lónìí, àìrí oorun sùn, àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló gbé wọn lọ. Wọ́n á rí dókítà, wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Àrò tún kan ọ̀rọ̀ tìrẹ ju bí o ṣe rò lọ. Dókítà ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú òmìnira. Ní 1960, ó tẹ ìwádìí kan jáde lórí àìsàn kan tó ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pè ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé orí ń gbóná àwọn, orí ń ro àwọn, nǹkan ń rìn nínú orí, ọrùn ń dun àwọn, ojú ń ṣú bí àwọn bá tẹjú mọ́ ìwé, àwọn ń kàwé kò yé àwọn, ohun tí àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì wá sí ìrántí mọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé kíkankíkan ní àsìkò ìdánwò. Wá fi wé ohun tí o kọ sí mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ bíi tìrẹ ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nílùú yìí kan náà, kò sì sí pé ọpọlọ wọn bàjẹ́. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mórákìnyọ̀ ní Ifẹ̀ kọ ọ́ ní tirẹ̀ pé àìsùn, ohun tí wọ́n fi ń lé oorun lọ, àti ìlépa àṣeyọrí tí kò fún ara nísinmi ló máa ń bá a rìn.

Àwọn dókítà òde òní ń jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n máa pè é ní àìsàn ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń gba inú orí sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò yí ohun tí wàá ṣe padà.

Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, ara á da adrenaline, èròjà tó ń múra èèyàn sílẹ̀ láti jà tàbí láti sá, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kì-kì-kì, èémí á kúrú, iṣan èjìká àti ti ọrùn á le. Iṣan ọrùn tó le fún wákàtí mélòó kan lórí bẹ́ǹṣì ni ìrora rẹ̀ ń gun orí lọ. Èémí tó kúrú tó sì yára lè mú kí òòyì kọ́ ọ, kí awọ ara sì máa ṣe ọ́ bí ẹni pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀. Lákòókò yẹn, ọpọlọ ń ṣọ́ ewu ni, kò ráyè ìwé. Ìwọ á wá rí i pé ìwé kò wọlé, ẹ̀rù á tún bà ọ́ sí i, orí á tún gbóná sí i, wàá ní kí o fi wákàtí méjì kún un láti fi dí i. Àfikún wákàtí yẹn gan-an ló ń pa ọ́ lára.

Nítorí náà, oorun ni oògùn àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ọ. TDB, ìyẹn kíkàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ti di nǹkan ìyangàn láàárín ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àdúgbò Camp, ẹni tó bá sì sùn ní aago mọ́kànlá ń wo ara rẹ̀ bí ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ìwé tí èèyàn kà lójú mọmọ, ìgbà tó bá sùn ni ọpọlọ ń tò ó sípò rẹ̀ tó fi ń dúró. Ìwọ tí wọ́n bí sídìí àdìrẹ mọ bí aláró ṣe ń ṣe. Kì í ki aṣọ bọ ìkòkò aró kó fi í síbẹ̀ mọ́jú. Á rì í, á yọ ọ́, á tẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, ojú atẹ́gùn yẹn ni aṣọ tó jáde ní àwọ̀ ewé á ti máa yí di aró gidi. Á tún rì í, á tún yọ ọ́. Aṣọ tí kò rí atẹ́gùn kì í mu aró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí kò rí oorun.

Sùn fún wákàtí méje ó kéré tán: aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ń dún, fi òwú di etí. Bí ooru bá mú, wẹ̀ kí o tó sùn. Gbé fóònù jìnnà sí orí bẹ́ẹ̀dì, torí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì yín ní aago méjìlá òru kò ní ohun rere kan láti sọ fún ọ ju pé ẹnì kan ti ka gbogbo ìwé tán. Lẹ́yìn tí o bá jí, àárọ̀ kùtù tí ara ṣì tutù ni kí o fún kọ́ọ̀sì tó le jù.

Ní ti obì: kaféènì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí àti nínú ohun mímu inú agolo yẹn. Ó máa ń tó bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí o bá jẹ obì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lára rẹ ní aago mẹ́ta òru. Àyà tó ń já, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ọkàn tó ń sáré, kaféènì ń ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ̀rù náà sì ń ṣe é. O lè máa rò pé ìdánwò ló ń dẹ́rù bà ọ́ kó jẹ́ pé obì ni. Má dá a dúró lójijì, torí orí lè fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Dín in kù láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, kí o má sì fi kan ẹnu mọ́ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fún ọ ní kóró oògùn kan tó ní ó ń jẹ́ kí ìwé wọlé, má gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́. Mo ti rí ibi tí tramadol, oògùn ìrora tó máa ń di bárakú, gbé àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa dé, ó sì ń dùn mí dòní.

Jẹun. O ò kọ ọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé indomie lo ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ̀wà, ẹyin, láfún pẹ̀lú ewédú lọ́sàn-án, omi dáadáa. Má jẹ òkèlè ńlá kí o tó jókòó ti ìwé.

Wàyí o, ọ̀nà tí o gbà ń kàwé. Ibí yìí ló gbà mí lọ́kàn jù, torí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọ̀nà tí kò dáa kàwé kò lè sinmi, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ pé òun ti mọ nǹkan kan.

Ọmọ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì nígbà kan pẹ̀lú háńdáàtì rẹ̀. Ó ti fi bírò aláwọ̀ ìyeyè fa ìlà sórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀, ó tún fi aláwọ̀ osàn fa òmíràn lé e, etí ìwé ti ká kò. Ó ní òun ti kà á tán lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ní kó pa á dé. Mo fún un ní tákàdá funfun kan, mo ní kó kọ ohun tó wà ní orí kejì fún mi. Ó di bírò mú, ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìlà mẹ́ta ló kọ. Ó bú sẹ́kún, torí ó rò pé olódo lòun. Kì í ṣe olódo rárá. Ojú rẹ̀ ti mọ ìwé náà débi pé kò sí ibi tó ṣàjèjì sí i, ṣùgbọ́n kò gbìyànjú rí láti mú un jáde látinú orí ara rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ì bá ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀.

Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì l'Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n ní kí àwọn yòókù pa á dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó gbìyànjú láti rántí ló wá ṣíwájú. Ìdí nìyẹn tí àtúnkà fi ń tan èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó máa ń ṣe ọ́ bí ẹni pé o ti mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa kò nílò ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ èyí. Ọmọ awo gbọ́dọ̀ ké ẹsẹ̀ Ifá jáde létí ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ilé kéú gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà lára wàláà lórí kí àáfà tó jẹ́ kó fọ̀ ọ́.

Bí wàá ṣe ṣe é rèé. Mú àkòrí kan péré. Kà á fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Pa ìwé dé, gbé tákàdá, kọ gbogbo ohun tí o rántí, bó ti wù kó rí wúruwùru. Wàá rántí díẹ̀, àyà rẹ á já. Má jẹ́ kíyẹn dá ọ dúró. Ṣí ìwé, fi bírò pupa kọ ohun tí o gbàgbé kún un. Dìde, mu omi, rìn jáde. Lọ́la, kí o tó ṣí ìwé náà, tún kọ ọ́ lórí tákàdá tuntun. Tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ibi tó pupa lọ́jọ́ kìíní kò ní pupa mọ́ nígbà tí yóò bá fi di ìgbà kẹta, wàá sì fojú ara rẹ rí i. Ohun tí o fojú rí yẹn máa ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀ ju kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún ọ pé kí o fọkàn balẹ̀. Fi fóònù sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún irú èyí lóòjọ́ tó. Bí o bá fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, rí i dájú pé oorun kọ́ lo ti gé e.

Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín kan, má bá a jà, má sì sá kúrò nídìí ìwé pátápátá. Gbé bírò sílẹ̀. Jẹ́ kí èjìká méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Fa èémí sínú láti imú kí o ka ení dé ẹẹ́rin, kí o jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu kí o kà dé ẹẹ́je. Ìmí tó pẹ́ kó tó jáde tán ló ń mú kí ọkàn dín eré kù, nítorí náà má kánjú ibẹ̀. Ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, rìn yí ká ilé lẹ́ẹ̀kan, kí o wá padà sórí ohun kékeré: ìbéèrè kan ṣoṣo. Bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti òní, nígbà tí kò sí wàhálà. Ẹni tó bá dúró di inú gbọ̀ngàn kó tó kọ́ ọ, kì í sábà ṣiṣẹ́ fún un.

Statistics ńkọ́? Kọ́ọ̀sì ìṣirò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà bí ìtàn. Àmì tó wà nínú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà ọ́, ọwọ́ ló sì ń tú ẹ̀rù yẹn. Wá àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, mú èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, bo ìdáhùn náà, ṣe é títí dé ibi tí o bá há sí. Yọjú wo ìlà kan péré, bò ó padà, máa bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, tún ìbéèrè yẹn kan náà ṣe láìyọjú. Mẹ́ta lójúmọ́ tó fún ọ. Wá ẹnì kan tí kọ́ọ̀sì náà yé nínú kíláàsì yín, kì í ṣe kó wá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí o há sí gan-an ni kó bá ọ wò.

Jẹ́ ká sì ṣírò ohun tí F yẹn ṣe fún ọ, torí mo fura pé o ò tíì fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ká ní yúníìtì 80, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì, lo máa ti ṣe ní òpin ọdún kejì, tí Statistics jẹ́ 3 nínú rẹ̀. Ká ní B lo gbà nínú gbogbo yòókù. B jẹ́ 4, F jẹ́ òdo. Yúníìtì 77 lọ́nà 4 jẹ́ 308. Pín in sí 80, ó di 3.85. Ìwọ̀n second class upper, ìpele tó tẹ̀ lé fáàsì kíláàsì, bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ìwọ̀n fáàsì kíláàsì jẹ́ 4.50, F kan sì ń mú kó jìnnà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ohun tí o ti ń fi oṣù mélòó kan pè ní òpin ayé, ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbààwẹ̀ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló wúwo jù nínú lẹ́tà rẹ, lójú tèmi. Kì í ṣe Statistics nìkan lò ń gbé kiri, àṣírí lò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá sọ fáàsì kíláàsì létí àwọn ará àdúgbò, ìwọ nìkan lo mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹrù yẹn á máa dún lórí ìwé tí o bá ṣí. Ó yẹ kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá rẹ ni kí o kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Má lọ bá wọn ní ìsọ̀ n'Ítòkú nígbà tí oníbàárà wà níwájú wọn. Dúró kí wọ́n wálé, kí wọ́n jẹun. Ìyá tó ti ń tajà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọjà kì í yá lójoojúmọ́, àti pé ọjọ́ tí kò yá kọ́ ni wọ́n ń kó ìsọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ lọ bá bàbá, tàbí kí ẹ fi ẹnì kan tí bàbá máa ń gbọ́ tirẹ̀ ṣáájú, àbúrò wọn ọkùnrin tàbí ọ̀rẹ́ wọn kan. Kúnlẹ̀, kí o sọ ọ́ láìlọ́ ọ́ pọ̀: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Mo féèlì kọ́ọ̀sì kan lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ. Mo ń tún un ṣe báyìí, mo sì ń gbìyànjú. Àìsàn ń ṣe mí, mi ò rí oorun sùn. Bí ẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ fáàsì kíláàsì níta, àyà mi máa ń já, mi ò wá lè kàwé mọ́. Ẹ bá mi fi í mọ sínú ilé títí èsì á fi jáde." Wọ́n lè bínú. Wọ́n lè dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ bàbá tí mo ti bá jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí ìbínú bá ti rọlẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, "Kí ló dé tí kò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò, ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ti jẹun, ẹ bi í bóyá ó sùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ Lágbájá tó gbé ipò kìíní sílẹ̀ ná.

Ní ti òkè àdúrà, mi ò ní bá àǹtí rẹ jiyàn lórí àdúrà, èmi náà gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ààwẹ̀ pẹ̀lú àìsùn á tún dá kún ohun tó ń ṣe ọ́ lọ́wọ́ báyìí. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ gbàdúrà láti ibi tí wọ́n wà, kí o bá wọn lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Sunday, kí o sì wálé sùn. Ọ̀rọ̀ pé ayé ló ń ṣe ọ́, fi í sílẹ̀. Bí àwọn àmì rẹ bá ti ń rọlẹ̀ nígbà tí o bá sùn tí o sì dín obì kù, àǹtí náà á rí i.

Lọ́jọ́ ìdánwò, jẹ nǹkan tó fúyẹ́, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ti tó. Tètè kúrò ní Camp, torí ìjà ọkọ̀ ní àárọ̀ lè mú àyà rẹ já kí o tó rí ìbéèrè rárá. Bí o bá dé, má dúró ti àwọn tó ń bi ara wọn ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé, kà á tán kí o tó kọ ohunkóhun, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o mọ̀ jù. Bí ohun gbogbo bá pòórá lórí rẹ, bó ṣe máa ń ṣe, gbé bírò sílẹ̀, fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, mí bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o wá kọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó ṣáà ti kan ìbéèrè náà, sí etí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan máa ń fa òmíràn jáde. Bí ẹ bá parí, máa lọ sílé. Ìdáhùn tí Lágbájá kọ kò lè yí tìrẹ padà mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, lọ sílé ìwòsàn ilé ìwé yín. Jẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ibà fún ọ, jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ wò, torí awò ojú lásán ti wo orí fífọ́ àwọn kan sàn. Sọ ti oorun fún wọn, sọ èrò tí o sọ fún mi pẹ̀lú. Bí o bá ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì tí orí ṣì ń gbóná, tàbí tí èrò yẹn ṣì ń padà wá, lọ sí Àrò, kí màmá rẹ tẹ̀ lé ọ. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á fetí sílẹ̀, wọ́n lè fún ọ ní oògùn, wọ́n sì lè má fún ọ. Má lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Bí ara bá sì le débi pé o ò lè jókòó ṣe ìdánwò, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìwé dókítà lè mú kí wọ́n sún un síwájú fún ọ, ṣùgbọ́n kó ti dé ọwọ́ wọn ṣáájú ìdánwò ni, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde. Olùdámọ̀ràn ọdún kejì ní ẹ̀ka yín ni kí o lọ bá fún ìyẹn. Lọ rí i lọ́sẹ̀ yìí, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kún.